Ìbéèrè Kan Nípa Ilé Ẹyẹ

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Àwọn ọkùnrin kan wà ní Ilé Ẹyẹ láàárọ̀ yìí pẹ̀lú téèpù. Ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní oríta ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn tó ń lò ó ti kó jáde, ẹyẹ nìkan ni ayálégbé tó kù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń wọn ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan ń wo òrùlé, ẹnìkan sì dúró ó ń tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ti ni ibẹ̀. Mo ní kí Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ búrẹ́dì wa rọra máa lọ kí n lè wò wọ́n dáadáa. Ó ní búrẹ́dì ń tutù. Mo ní kó tutù.

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń wọ̀n yẹn ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ta ló ń ronú lórí ẹnu ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó fẹ́ kó nǹkan ńlá wọlé ni. Ẹ̀rọ. Irú ẹ̀rọ wo?

Rédíò gbé ìyẹ̀fun wá lọ́sàn-án. Òun ló ń kó ìyẹ̀fun fún gbogbo ilé búrẹ́dì àdúgbò yìí — àpò ló ń gbé wọlé, ọ̀rọ̀ ló ń gbé jáde. Mo bi í, "Ilé oríta yẹn, àbí ilé búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ni?" Ó ní òun ò tíì gbọ́, ṣùgbọ́n òun á fetí sílẹ̀. Ó so àpò tó kù lórí ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Sùúrù ní kí n fi ilé onílé sílẹ̀. Sùúrù ni ẹ̀gbọ́n mi, tó ń jókòó ti ààrò. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ni, ẹnu mi ò sì gbọdọ̀ yà.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo tún gba oríta kọjá. Kì í ṣe ọ̀nà mi. Wọ́n ti lọ, ẹyẹ ti padà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mi ò lè jókòó sójú kan. Mo fọ páànù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ kan wá bá ẹgbẹ́ àwa oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀. Ó ní oníṣòwò tí kò létí, inú òkùnkùn ló ti ń tajà. Ó ní ká máa gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ, ká máa gbọ́ ohun tí ẹni tó ń kó ọjà fún wa ń sọ, ká sì máa ṣọ́ ohun tí ẹni tá a jọ ń du ọjà ń ṣe. Ká tó sùn, ká ti mọ ibi tí ayé ń yí sí. Àwọn yòókù ń tòògbé. Èmi ò tòògbé. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣe òfin etí mẹ́ta fún ara mi. Ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan, àhesọ ni. Tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni méjì, kí n dìde jókòó. Tó bá wá di ẹnu ẹni mẹ́ta tí wọn ò jọ gbé, òótọ́ ni, kí n gbé ìgbésẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òfin yìí ni mo fi mọ̀ pé ṣúgà fẹ́ wọ́n, mo sì ti rà á pamọ́ kí Orogún tó jí.

Orogún ni obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì ìsàlẹ̀ òpópónà. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé ọkọ kan náà là ń fẹ́, ìyẹn oníbàárà. Ọkọ ọ̀hún sì lójúkòkòrò.

Sùúrù ní etí tirẹ̀. Búrẹ́dì tí wọn ò rà, tó bá padà nínú ọkọ̀, ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Á gbé e, á tẹ̀ ẹ́, á gbóòórùn rẹ̀, á wá ní, "Òjò ti dá wọn dúró sílé ní apá ilé ìwòsàn." Mo sọ fún un lónìí pé búrẹ́dì ò lẹ́nu. Ó ní ìdí nìyẹn tí kì í fi í purọ́.

Àbámẹ́ta, 8

Ohun tí ojú mi ò rí rí: Orogún wá sílé wa. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Òpópónà wa ò já síbì kankan, ẹni tó bá ń kọjá lọ níbí, ibí ló ń bọ̀. Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, kò bìkítà pé aṣọ dúdú ló wọ̀.

Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ti oríta?" Mo ní kí ni. Ó ní, "Wọ́n ní ilé búrẹ́dì ńlá ló ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe gbogbo rẹ̀, ọwọ́ èèyàn ò ní kàn án rárá." Mo ní mo ti gbọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan ò dùn.

Bó ṣe ń gbọn ìyẹ̀fun ìdí aṣọ rẹ̀ dànù, ó ní, "Èmi àti ẹ̀yin, a jọ ń bá ara wa fà á láti ọjọ́ yìí. Tí wọ́n bá dé, wọn ò ní mọ̀ pé a wà níbí." Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣe mí láàánú. Ara mi náà ṣe mí láàánú.

Etí kan.

Àìkú, 9

Ọwọ́ èèyàn ò ní kàn án rárá.

Ajé, 10

Rédíò dé, kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí, òótọ́ ni o. Ilé búrẹ́dì ni. Kò síbi tí mo dé tí wọn ò ti ń sọ ọ́."

Etí kejì. Mo dìde jókòó.

Ìṣẹ́gun, 11

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti ibi iṣẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ilé búrẹ́dì kan ń bọ̀ ní oríta yín? Ní ọ́fíìsì wa níbí ni wọ́n ti ń sọ ọ́."

Ọ́fíìsì ìjọba. Etí mẹ́ta — oníyẹ̀fun, ẹni tá a jọ ń du ọjà, ìjọba fúnra rẹ̀. Ìtìjú ibẹ̀ ni pé inú mi tún dùn díẹ̀, torí pé èmi ni mo kọ́kọ́ fura. Ọjọ́ tí wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ̀.

Ọjọ́rú, 12

Mo sọ fún Sùúrù. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ láti àná. Ẹ̀rọ ńlá ló máa ṣe búrẹ́dì ńlá, a ò lè bá a dù ú. Ohun tí ẹ̀rọ ńlá ò ní ráyè fún ni búrẹ́dì kékeré, róbótó, tó gbóná, tó ń jáde láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ìyẹn sì ń fẹ́ ààrò oníná gáàsì tó ní àgbékà. Ibì kan ṣoṣo ló wà tí a lè gbé e sí: ibi tí ààrò bíríkì wà. Ààrò bíríkì gbọ́dọ̀ wó.

Ó ń gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó wá ní, "Ta ló rí wọn?"

Mo ní ẹni mẹ́ta ló sọ ọ́.

"Mi ò bi ọ́ pé ta ló sọ ọ́. Mo ní ta ló rí wọn? Ìròyìn ò tó àfojúbà. Oríta ò jìnnà. Lọ bi wọ́n."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń lọ bi ọ̀tá léèrè ọ̀nà tó fẹ́ gbà wọlé? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n."

Ó ní, "Arọ tó wá fi ọ̀pá ara rẹ̀ dáná ńkọ́?"

Mo bínú. Mo sọ pé kò fẹ́ kí nǹkan kan yí padà láyé, pé bí wọ́n bá sin ín sínú ààrò yẹn, á dùn mọ́ ọn. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọjú sí ààrò rẹ̀ padà. Ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀, kì í bá èèyàn jà.

Màámi wà níbẹ̀, wọ́n ń fi òróró pa páànù. A yíjú sí wọn. Wọ́n ní, "Baba yín ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò yẹn. Ṣùgbọ́n baba yín ò jẹun mọ́. Ẹ̀yin lẹ ń jẹun. Ẹ lọ parí ẹ̀ láàárín ara yín." Wọ́n sì bá páànù wọn lọ.

Ẹtì, 14

Ìpàdé ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tí kò wá, títí kan àwọn tó ń jẹ ẹgbẹ́ lówó oṣù. Ọ̀rọ̀ oríta nìkan ni. Àwọn kan ní ká kọ̀wé síjọba. Ẹnìkan ní ká lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn. Alága ní, "Ìyá tó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ wà níbí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn." Èmi ni.

Ẹnu ń yún mi. Mo dìde, mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ — búrẹ́dì róbótó, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ààrò oníná gáàsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ojú ọ̀nà ilé ni orí mi ti wálé. Kí ni mo ṣe yẹn? Gbogbo ohun tí mo fi ọjọ́ mélòó kan rò ni mo pín fún wọn bí ẹni ń pín omi. Orogún ń wò mí bí ẹni tó rí owó he.

Àfi kí n ṣáájú wọn. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Àbámẹ́ta, 15

Mo sọ fún Sùúrù. Ó ní, "Bí o bá wó o, mi ò ní bá ọ jà." Ì bá sàn kó bá mi jà.

Ajé, 17

Ó ti wó.

Sùúrù ṣe búrẹ́dì ìkẹyìn láàárọ̀. Ó ṣe bó ti máa ń ṣe: ó bu ìyẹ̀fun fọ́nká sílẹ̀ ààrò, ó tẹjú mọ́ ọn. Bí ìyẹ̀fun bá dúdú kíákíá, iná pọ̀ jù, àfi ká dúró. Bó bá ń rọra pọ́n, ó yá. Baba wa ló kọ́ ọ. Èmi náà dúró ń wò ó, mi ò mọ ìgbà tí mo ti wò ó kẹ́yìn. Ó rọra pọ́n.

Bí ìyẹn ti jáde tán, bíríkìlà gbé òòlù. Mo rò pé yóò le. Kò le rárá. Òórùn tó jáde nínú rẹ̀, òórùn èéfín àtọjọ́mọ́jọ́, wọ gbogbo yàrá, ó wọ irun mi, ó wà lára ọwọ́ tí mo fi ń kọ èyí. Mo ní kí wọ́n to bíríkì rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Bíríkìlà ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kó ṣáà tò ó.

Sùúrù ká épúróònù rẹ̀, ó fi sórí àpò. Pátákó onígi gígùn tí baba wa fi ń ti búrẹ́dì wọ ààrò, ó gbé e ti ògiri, ó dúró tì í díẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ó dàárọ̀."

Ọ̀sán gangan ni.

Ìṣẹ́gun, 18

Àárọ̀ ti dé. Kò wá.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ààrò tuntun dé. Ó ń dán. Ó ní bọ́tìnnì tó ń sọ bó ti gbóná tó, kò sẹ́ni tó nílò láti ju ìyẹ̀fun sí i. Búrẹ́dì róbótó àkọ́kọ́ tán kó tó dé ibùdókọ̀. Dẹ́rẹ́bà ní wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ òun.

Mo ní kí Màámi tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ó dùn. Wọ́n ní, "Ó dùn bíi nǹkan tí wọ́n rà." Mi ò bi wọ́n léèrè síwájú.

Àbámẹ́ta, 22

Orogún ti bẹ̀rẹ̀ róbótó tirẹ̀. Ó tiẹ̀ fi ṣúgà wọ́n orí rẹ̀. Àwọn yòókù náà ti ń wó ààrò, Rédíò ní eruku bíríkì ló kù tí òun ń fà símú káàkiri. Kò burú. Ẹni tó ṣáájú ló ṣáájú.

Mo lọ kí Sùúrù nílé rẹ̀. Wọ́n ní ó jáde. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ó jáde. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ajé, 24

Ní oríta, èèyàn nìkan ló ń wọlé, tó ń jáde. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó wọlé. Kí ni wọ́n ń dúró dè?

Ọjọ́rú, 26

Kí n kọ èyí kó tó fọ́ mi lórí.

Róbótó ti ń padà. Ọkọ̀ kó ìdajì wọn bọ̀. Mo mú ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbóòórùn rẹ̀ bí Sùúrù ti máa ń ṣe. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà tó ń rajà lọ́wọ́ wa láti ayé baba wa ló sọ ọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n ra mélòó nínú nǹkan yìí kí wọ́n tó yó? Búrẹ́dì ńlá yín dà? Mo ti dé ìsàlẹ̀, mo ti dé òkè, kò síbi tó kù." Mo ní kó ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí lẹ́nu.

Rédíò wá gbé ìyẹ̀fun dé. Nítorí pé ara mi ò balẹ̀, mo kàn bi í pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ oríta fún un, kí n lè lọ bi ẹni náà ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà kọ́?"

Mo ní èmi bí i ti báwo.

"Ọjọ́ tí mo gbé àpò wá. Ẹ ní ilé búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀."

"Mo bi ọ́ ni. Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

Ó ní, "Ẹ bi mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ yín? Ẹ̀yin kì í bèèrè ohun tí ẹ ò tíì mọ̀. Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà ti gbọ́ ni."

Mo jókòó sórí àpò tí Orogún jókòó sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u bí okùn. Ta ló sọ fún Orogún? Rédíò ni, ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo bi í yẹn gan-an. Mo pe àbúrò mi. Ta ló ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì? Ó ní obìnrin tó ń ta tíì níwájú ọ́fíìsì ni. Níbo ni obìnrin náà ti ń gba búrẹ́dì? Lọ́dọ̀ Orogún.

Ẹnu mẹ́ta, ahọ́n kan. Ahọ́n mi.

Wọ́n ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi bèèrè ọ̀nà, mo tún gba ẹ̀yìn lọ dá ara mi lóhùn. Mo sì wó ààrò baba mi lé e lórí.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màámi bi mí pé ṣé ikùn ló ń run mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹtì, 28

Mo lọ sí Ilé Ẹyẹ. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó yẹ kí n ti rìn ín tipẹ́, kò ju ká po ìyẹ̀fun kó wú díẹ̀ lọ.

Alákòóso wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ló dá mi lóhùn. Mo bi í tààrà: kí lẹ fẹ́ fi ibí ṣe?

Ó ní, "Ìyá, fóòmù la gbà á fún. Fóòmù àti bẹ́ẹ̀dì. Ìdí tí a fi ní láti fẹ ẹnu ọ̀nà nìyẹn."

Fóòmù. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo yíjú padà láti máa lọ.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n a ti pa á tì o. Ẹ̀yin ará àdúgbò lẹ yí ọ̀gá wa lọ́kàn padà."

Mo dúró.

Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó wọlé wá bèèrè fóòmù. Búrẹ́dì ni gbogbo wọn ń bèèrè. Àwọn kan ń wáṣẹ́ apòyẹ̀fun. Ẹnìkan gbé ìwúkàrà wá pé kí wọ́n tọ́ ọ wò. Àwọn obìnrin tó fẹ́ gbà á tà tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan tiẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ òpópónà tó ní òun náà ní ilé búrẹ́dì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má gbàgbé òun. Orogún. Ó jókòó lórí àpò mi, ó ń ṣàánú èmi àti ara rẹ̀.

"Ọ̀gá wa kì í fi ẹnu lásán ṣòwò," ni ọmọ náà ń wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó rán wa jáde ká rìn gbogbo òpópónà, ká ra búrẹ́dì ńlá wá. Ìyá, a ò rí ẹyọ kan. Róbótó, róbótó, róbótó. Ó ní ó ti tán: èèyàn ń bèèrè nǹkan, nǹkan ọ̀hún ò sì sí lórí pẹpẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní ta ló tún fẹ́ ẹ̀rí ju ìyẹn lọ?"

Ẹ̀rí méjì. Èmi ni mo ṣe méjèèjì fún un.

Mo ní ẹ̀rọ ni wọ́n máa lò, àbí. Ó ní rárá, ọ̀gá ní ti bíríkì ni àwọn èèyàn ń sọ pé ó dùn. Wọ́n ti rí àgbà kan tó máa mọ ọ́n, tó sì máa jókòó tì í. "Ẹni jẹ́jẹ́ kan. A gbé búrẹ́dì kan fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò jẹ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ẹni tó ṣe é ń kánjú."

Mi ò bèèrè orúkọ rẹ̀.

Àìkú, 30

Màámi mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi kó tó gba iṣẹ́ oríta. Mo ní kó lọ jẹun." Wọn ò wojú mi.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Sùúrù wá lónìí. Ó kanlẹ̀kùn, ilé tó ti ń wọ̀ láti kékeré. Ó ní òun wá gba pátákó baba wa, bí mi ò bá lò ó.

Mo ní kí ni mo fẹ́ lò ó fún.

Ààrò tuntun ń dún wúù lẹ́yìn wa. Mo bi í, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé fóòmù ni wọ́n fẹ́ kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ kejì tí ààrò wó ni mo lọ fojú ara mi rí i."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ààrò ti wó. Kí ni mo fẹ́ wá sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó lè mú un. Mo ní èmi ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ bi Rédíò, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀, lọ́dọ̀ Orogún, ní ọ́fíìsì, ní ìpàdé, títí dé etí ọ̀gá rẹ̀ tuntun. Kò sí ilé búrẹ́dì kankan kí n tó ya ẹnu mi.

Ó ń wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó di ògiri mú. Nígbà tó mí tán, ó ní, "Nígbà náà, ìwọ lo wá iṣẹ́ yìí fún mi."

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń dúpẹ́ tàbí ó ń bú mi. Mo rò pé méjèèjì ni.

Pátákó náà gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ. Baba wa ti gbé e wọlé kí wọ́n tó mọ ògiri yàrá ìta. A yí i síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún, kò lọ. Níkẹyìn, ojú fèrèsé la gbà. Ó mú orí rẹ̀, mo mú ìdí rẹ̀, ó ń fà, mo ń tì, títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ mi sí ìta. Ó gbé e lé èjìká. Mo fẹ́ sọ pé kó má lọ. Mo ní kó máa rọra, pé ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹtì, 4

Rédíò gbé ìyẹ̀fun wá. Ó bi mí pé kí ni ìròyìn. Mo ní àlàáfíà ni. Ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ to àpò, ó sì rí bíríkì tí mo tò síbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, àbí ẹ fẹ́ tún ààrò yẹn mọ ni?"

Ìbéèrè lásán. Mo ya ẹnu mi, mo pa á dé. Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Kó tó di ọ̀sán, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ránṣẹ́ pé ọjọ́ wo ni búrẹ́dì ńlá máa jáde. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi pè, ó ń kí mi kú orí ire, ó ní inú baba wa á dùn níbi tó wà. Orogún ló pè kẹ́yìn. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń tún ààrò mọ, pé ṣé òótọ́ ni.

Etí mẹ́ta. Nípa òfin tèmi, òótọ́ ni. Mo fi fóònù sétí, mo jáde lọ wo bíríkì náà. Èéfín ṣì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ò fọ́. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ tún un mọ."

Orogún kí mi kú iṣẹ́. Ó wá ní, "Ta ni yóò máa bá yín wo iná rẹ̀?"

Mo ní ohùn rẹ̀ ò já geere sí mi. Mo gbọ́ ọ.